Ẹ kọ́kọ́ tẹ ẹ̀mú ìwọ́ yẹn wò, kí a tó sọ̀rọ̀ àwọ̀ rẹ̀

Ìbéèrè yìí wá láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), lọ́wọ́ ìyá kan tó ní ilé-iṣẹ́ kékeré tí wọ́n ti ń rọ ike. Mo gé e kúrú díẹ̀:

«Ẹ̀rọ méjì la ní. Abọ́ àti àga ọmọdé la ń ṣe tẹ́lẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ife tí wọ́n fi ń gba ìtọ̀ nílé àyẹ̀wò, àti ẹ̀mú tí àwọn agbẹ̀bí fi ń há ìwọ́ ọmọ tuntun. Polypropylene la fi ṣe méjèèjì. A dì í, a kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ìtànṣán gamma pa kòkòrò. Ó mọ́ nígbà tó lọ. Nígbà tó dé, ó ti pọ́n rúsúrúsú bí eyín amutábà. Àwọn agbẹ̀bí ní ọjà tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni, wọn ò rà á. Ṣé wọ́n jó o níbẹ̀ ni? Ṣé ó léwu? Ẹnì kan ní ká máa po búlúù mọ́ ọn. Kí ni ká ṣe kó má pọ́n mọ́?»

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìdààmú ọjà. Àwọ̀ yẹn ní ìdí, ó sì ní ọ̀nà àbáyọ, màá sì sọ gbogbo rẹ̀. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó kà á síwájú, ẹ lọ mú ẹ̀mú ìwọ́ mẹ́wàá nínú àwọn tó padà dé. Bí ẹ bá ṣì ní èyí tí kò lọ rárá, ẹ mú mẹ́wàá níbẹ̀ náà. Ẹ ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ pa á dé díẹ̀ láìjẹ́ kó tì, ẹ tún ṣí i, kó pé ìgbà márùn-ún. Ojú yín kó wà níbi tín-ínrín tó so apá méjèèjì pọ̀, níbi tó ti ń ṣẹ́po. Bí ẹ bá rí ìlà fífọ́ níbẹ̀, tàbí tó dún «tá» tó sì kán, ẹ kó gbogbo páálí yẹn sẹ́yìn, ẹ má ta ọ̀kan ṣoṣo. Ife lè pọ́n, kó ṣì gba ìtọ̀ láìjò. Ẹ̀mú tó bá kán lẹ́nu ìwọ́, ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun ni yóò máa dà.

Ẹ ti ṣe é? Ó dáa, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Wọn ò jó o. Níbi ìtànṣán gamma, kóbáltì-60, irin kan tó ń tan ìtànṣán, ni wọ́n ń lò, inú omi jíjìn ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí nígbà tí wọn ò bá ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá gbé e sókè, páálí ọjà á máa yí i po títí á fi gba ìwọ̀n tó yẹ. Irú rẹ̀ wà ní Kwabenya lẹ́bàá Accra, ó sì wà ní Sheda lẹ́bàá Abuja. Ẹ ò sọ ibi tí ẹ gbé tiyín lọ, kò sì pọn dandan, torí ẹ̀bi yìí kì í ṣe tiwọn. Ìwọ̀n tí ayé mọ̀ jù fún ohun èlò ìṣègùn ni 25 kGy (kilogray, òṣùwọ̀n ìtànṣán tí ọjà gbà). Bí omi bá gba ìwọ̀n yẹn, ooru rẹ̀ ò lè fi ju nǹkan bíi 6°C lọ. Ti ike lè tó ìlọ́po méjì ìyẹn tàbí kó lé díẹ̀, kò sì sí ike tí irú ooru bẹ́ẹ̀ ń jó. Ìtànṣán kóbáltì kò sì ní agbára tó lè sọ ike fúnra rẹ̀ di ohun tó ń tan ìtànṣán. Ó kọjá lára rẹ̀, ó pa kòkòrò, ó lọ. Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn, kí ẹ sì sọ ọ́ fún àwọn agbẹ̀bí náà.

Kí ló wá pọ́n? Ike polypropylene, tí màá máa pè ní PP, dà bí ẹ̀wọ̀n gígùn gígùn tó lọ́ mọ́ra wọn. Ẹ̀rọ yín ń yọ́ ọ ní ooru tó lé ní 200°C. Bí kò bá sí ohun tó ń ṣọ́ ọ, ooru yẹn àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á ti gé ẹ̀wọ̀n yẹn wẹ́wẹ́ kó tó di abọ́. Nítorí náà, ẹni tó ṣe hóró ike tí ẹ ń rà ti po ẹ̀ṣọ́ mọ́ ọn láti ilé rẹ̀ wá. Ẹ̀ṣọ́ tó wọ́pọ̀ jù, tó sì rọjú, ni ìdílé phenol. Bí ẹ̀wọ̀n kan bá já, orí tó já á máa wá ohun tó máa gbá mú kiri, á sì máa ba ẹ̀wọ̀n míì jẹ́. Phenol á yọ hydrogen lára rẹ̀ fún un, á fi ìyẹn pa á lẹ́nu mọ́. Àmọ́ ohun tí phenol fúnra rẹ̀ dà lẹ́yìn náà, ìdílé quinone, àwọ̀ ìyeyè ló ní. Nínú ẹ̀rọ yín, díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀, ojú ò rí i. Gamma ní tiẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye ẹ̀wọ̀n ló ń já láàárín wákàtí mélòó kan, ọ̀kẹ́ àìmọye phenol sì máa ń kú láti pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Àwọ̀ tí ẹ rí lára ọjà yín yẹn, òkú ẹ̀ṣọ́ ni.

Ẹ rí i pé àwọ̀ àti agbára ike kì í ṣe nǹkan kan náà. Ike lè pọ́n gan-an torí pé ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́, kó sì ṣì lágbára. Ike míì lè mọ́ gaara, kó sì ti kú nínú. Nínú PP, àwọn ibì kan wà tí ẹ̀wọ̀n tò sí gírígírí. Orí tó já níbẹ̀ ò rí ọ̀nà jáde kíákíá, ọ́síjìn náà ò sì tètè wọlé bá a. Á há síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀, fún oṣù, á máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, á sì máa gé ẹ̀wọ̀n lọ. Ìdí nìyẹn tí ohun tó dára lọ́jọ́ tó dé fi lè di ẹlẹgẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta lórí pẹpẹ. PP lásán jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí èyí ń bá jà jù.

Èmi náà ti kọ́ èyí lọ́nà tó dùn mí. Níbi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọjà wa pọ́n bíi tiyín, a sì gbọ́ ọ̀rọ̀ búlúù. Díẹ̀ kíún la pò mọ́ hóró ike, bí ẹni ń re aṣọ funfun. Ó padà dé láti ibi ìtànṣán, ó mọ́, inú wa dùn, a tà á. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́rin, agbẹ̀bí kan ní apá Kétu fi àpò ọ̀rá kan ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀mú mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ti dá sí méjì níbi ìṣẹ́po, ojú ibi tó kán sì mọ́lẹ̀ dán bí ìgò tó fọ́. Ó máa ń ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kó tó lò ó, ìyẹn ló kó ọmọ àwọn èèyàn yọ. Mo ṣì ń tọ́jú méjì níbẹ̀ sínú àpótí mi. Búlúù ti bo ohun kan ṣoṣo tí ì bá mú ká dúró ká yẹ ọjà náà wò dáadáa.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wò kí a tó sọ̀rọ̀ àwọ̀ nìyẹn.

Ọ̀nà àbáyọ gangan wà nínú àpò hóró ike, kó tó wọ ẹ̀rọ yín. Hóró tí wọ́n ń tà fún abọ́ àti àga, ẹni tó ṣe é ò ro gamma mọ́ ọn rárá. Ẹ sọ fún ẹni tó ń kó hóró wọlé fún yín ní Kútọnu pé PP tí wọ́n ṣe fún ohun èlò ìṣègùn lẹ fẹ́, èyí tí olùṣe rẹ̀ kọ ọ́ sínú fiche technique (ìwé àlàyé hóró náà) pé ó lè gba ìtànṣán gamma. Kí ìwọ̀n tó lè gbà náà wà níbẹ̀ ní kGy. Bí wọ́n bá ní «ó dára fún oúnjẹ», ẹ dúpẹ́, kí ẹ tún bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ohun tó dára fún oúnjẹ lè kún fún phenol.

Ẹ̀ṣọ́ tó wà nínú irú hóró bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Phenol ò sí níbẹ̀, tàbí ó kéré gan-an. Ìdílé amine kan tí wọ́n ń pè ní HALS ló gbapò rẹ̀, phosphite sì máa ń bá a rìn. HALS náà ń pa orí ẹ̀wọ̀n tó já lẹ́nu mọ́, àmọ́ kì í di ìyeyè bó bá ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán. Phosphite ló ń gbógun ti ohun tí ọ́síjìn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Àwọn kan tún ń po òróró aláìláwọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ̀wọ̀n lè ráyè yíra, kí orí tó há lè tètè pàdé èkejì rẹ̀, kó sì parí níbẹ̀. Àwọn míì ń lo PP tí wọ́n fi ethylene díẹ̀ là láàárín, torí ìyẹn kì í tò gírígírí jù. Fún ẹ̀mú ìwọ́, irú èyí tó ní ethylene ni mo máa yàn, torí ìṣẹ́po yẹn. Fún ife, èyí tó bá rọjú nínú àwọn tó lè gba gamma ti tó.

Ó máa wọ́n ju ti àga lọ, mi ò ní tàn yín. Ẹ kọ́kọ́ ra àpò kan, ẹ rọ díẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀ nínú páálí kan náà, kí ẹ tó fi owó ńlá lé e.

Nǹkan kan tún wà tí mo fura sí, bí ẹ ò tiẹ̀ sọ ọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe àga, wọ́n sábà máa ń lọ ajẹkù, wọ́n á dà á padà sẹ́nu ẹ̀rọ. Kò burú fún àga. Fún ohun tó ń lọ sí ilé ìbímọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ike tó ti yọ́ lẹ́ẹ̀mejì ti ná lára ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kó tó rí gamma rárá. Ẹ má sì jẹ́ kí ooru ẹ̀rọ ga ju ohun tí fiche rẹ̀ sọ lọ, torí kí mọ́ọ̀dù lè tètè kún.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìwọ̀n, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gba ju ohun tí wọ́n sanwó fún. 25 kGy yẹn ni èyí tó kéré jù tí ọjà àárín páálí gbọ́dọ̀ gbà. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè tó 35, ó lè tó 40. Bí ẹ bá ki páálí gan-an, tó wúwo, ìyàtọ̀ àárín àti ẹ̀gbẹ́ á pọ̀ sí i. Ẹ bèèrè ìwé ìwọ̀n lọ́wọ́ wọn, kó sọ èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n ní in. Ó sì ya èèyàn lẹ́nu pé ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ni ike perspex pupa kékeré kan tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣókùnkùn bí ìtànṣán bá ṣe pọ̀ tó. Ohun tó ń dà yín láàmú yẹn gan-an ni wọ́n sọ di òṣùwọ̀n! Bébà roboto tó máa ń wà lára páálí, tó ń ti ìyeyè di pupa, kì í sọ ìwọ̀n. Ohun tó ń sọ kò ju pé páálí ti kọjá níwájú kóbáltì. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ ń bá wọn fọwọ́ sí pé ọjà yín ò gbọ́dọ̀ gbà ju báyìí lọ, kí wọ́n má sì tún un gbé kọjá lẹ́ẹ̀kejì láìsọ fún yín.

Ṣé ìwọ̀n yẹn lè dín kù? Ó lè dín kù, ọwọ́ yín ló sì wà. Ìlànà àgbáyé ISO 11137 gbà kí èèyàn lo 15 kGy, bí kòkòrò tó wà lára ọjà kọ̀ọ̀kan kó tó gba ìtànṣán kò bá ju 1.5 lọ ní ìpíndọ́gba, tí ilé àyẹ̀wò sì fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀ bí ìlànà náà ṣe wí, tí wọ́n ń tún un yẹ̀ wò látìgbàdégbà. Ìwọ̀n kòkòrò yẹn kéré púpọ̀. Kò ṣeé ṣe níbi tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, tí eruku ọyẹ́ ń fẹ́ wọlé láti títì. Àmọ́ bí ẹ bá fi ògiri yà ẹ̀rọ kan sọ́tọ̀, tí ọjà ń ti ẹnu mọ́ọ̀dù bọ́ tààrà sínú ọ̀rá tó mọ́, tí ẹni tó ń dì í wọ ìbọ̀wọ́, tó sì bo irun rẹ̀, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti 25 sí 15, ìyẹn á ran àwọ̀ yín lọ́wọ́ gan-an.

Bí ọwọ́ yín bá tó ibi tí wọ́n ti ń lo ìtànṣán ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù dípò gamma, ẹ gbìyànjú rẹ̀. Ohun tí gamma ń fi wákàtí púpọ̀ ṣe, ìyẹn ń fi ìṣẹ́jú àáyá ṣe é, ọ́síjìn ò sì ráyè wọ inú ike kó tó parí. PP máa ń jàǹfààní rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé kì í wọnú jìn, páálí tó fúyẹ́ ló bá a mu. Kóbáltì pàápàá ń rẹ̀: ní gbogbo ọdún 5.27, agbára rẹ̀ ń di ìdajì. Níbi tí wọn ò bá tètè fi tuntun kún un, ọjà á pẹ́ níwájú rẹ̀ kó tó gba ìwọ̀n kan náà, ọ́síjìn á sì ráyè sí i.

Ẹ béèrè ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà yín bóyá kí ẹ yí ike padà pátápátá. Polystyrene máa ń fara da gamma dáadáa, àwọ̀ rẹ̀ kì í yí púpọ̀. Fún ife, ẹ lè rò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bó bá jábọ́ á fọ́. Polycarbonate máa ń pọ́n gan-an lọ́jọ́ tó dé, àmọ́ díẹ̀ nínú àwọ̀ yẹn máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí ìmọ́lẹ̀ bá ń kàn án, nítorí náà wọn kì í tètè dá a lẹ́jọ́. PVC tí wọ́n fi ń ṣe okùn perfusion (èyí tí wọ́n fi ń fa omi sára aláìsàn), ìdí tiẹ̀ yàtọ̀: ásíìdì ló ń jáde lára rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì lè máa pọ̀ sí i lórí pẹpẹ. Ẹ má fi ike tí wọ́n ń pè ní acetal ṣe ẹ̀mú tó ń lọ síwájú gamma láé, ẹnikẹ́ni tó bá wù kó dá a lábàá.

Ọ̀rọ̀ ibi ìkẹ́rù náà wà níbẹ̀. Ike tó ní phenol lè pọ́n láìrí gamma rárá, bí èéfín ọkọ̀ tàbí ti ẹ̀rọ amúnáwá bá ń fẹ́ sí i. Bí ilé ìkẹ́rù yín bá kọjú sí ibi tí àwọn zémidjan (ọlọ́kadà) ti ń ra kpayo, epo bẹntiróòlù ẹ̀bá títì, ẹ kó ọjà kúrò níbẹ̀. Ẹ lè dán an wò: ẹ gbé ife méjì tó pọ́n sínú oòrùn fún ọjọ́ díẹ̀. Èyí tí èéfín pọ́n sábà máa ń ṣí padà. Bí tiyín bá ṣí pátápátá, ẹ̀bi ilé ìkẹ́rù pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí, torí ó lè gba owó yín là: kì í ṣe gbogbo ife ìtọ̀ ló nílò gamma. Èyí tí wọ́n fi ń wo ṣúgà tàbí oyún, kó mọ́ tónítóní ti tó. ECBU, níbi tí wọ́n ti ń wá kòkòrò nínú ìtọ̀, ni ife ti gbọ́dọ̀ wà láìní kòkòrò kankan. Ẹ bi àwọn ilé àyẹ̀wò tó ń rà lọ́wọ́ yín pé mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń lò fún ECBU. Ìyókù, ẹ má gbé e sọdá ibodè rárá. Ti ECBU náà, bí iye rẹ̀ ò bá pọ̀, autoclave tó ń fi oru omi gbígbóná pa kòkòrò ní 121°C lè ṣe é, PP ń fara dà á, kì í sì í pọ́n bẹ́ẹ̀.

Ṣé mo ní kí ẹ má lo búlúù láé? Rárá o. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń lò ó, búlúù tàbí àwọ̀ àlùkò díẹ̀ kíún, kí ojú má bàa rí ìyeyè tó ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí hóró padà, tí ẹ ti mọ ìwọ̀n yín, tí ẹ̀mú ti yege lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ lè lò ó. Kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ike ohun èlò ìṣègùn, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà fún aṣọ ní ọjà Ouando.

Láti mọ̀ bóyá àwọ̀ ń dínkù lóòótọ́, ẹ to ife mẹ́wàá wọ inú ara wọn, ẹ gbé e sórí bébà funfun lẹ́bàá fèrèsé láàárọ̀, ẹ fi mẹ́wàá tí kò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí ojú ò rí lára ife kan á hàn lára mẹ́wàá. Ẹ máa tọ́jú àwọn mẹ́wàá tí kò lọ yẹn sínú òkùnkùn.

Ní ti ọjà tó wà nílẹ̀ báyìí: ife tí kò bá fọ́ nígbà tí ẹ tẹ ẹnu rẹ̀, tí ìdérí rẹ̀ kò sì jò, ẹ lè tà á fún àyẹ̀wò lásán, kí ẹ sọ òtítọ́ ìdí tó fi pọ́n, kí owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Ẹ̀mú, ẹ má tà á, bó tilẹ̀ yege lónìí. Mo mọ̀ pé owó ni. Ẹ gbé 30 nínú wọn sínú ààrò tó dúró ní 55°C fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé àyẹ̀wò kan nítòsí bá lè yá yín lò. Ìṣirò tí wọ́n ń lò ni pé bí ooru bá fi 10°C pọ̀ sí i, ọjọ́ ń sáré ìlọ́po méjì. Bí yàrá oní-páànù yín bá wà ní 35°C, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú ààrò yẹn á dà bí ọ̀sẹ̀ méjìlá lórí pẹpẹ. Ìṣirò lásán ni o, kì í bá ike tó ti gba gamma mu délẹ̀délẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi 30 míì sílẹ̀ nínú páálí rẹ̀ gan-an, ẹ kọ ọjọ́ tó dé sára rẹ̀ pẹ̀lú bírò, ẹ tẹ mẹ́wàá níparí oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa kọ iye tó kán sílẹ̀. Bí ẹ bá ti ní iye oṣù mẹ́ta, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú fiche hóró tuntun tí ẹ bá rí, ká jọ wò ó.